Ọ̀nà Omi Nínú Iná Átọ́ọ̀mù

 Àwọn baba wa a máa wí pé ìkòkò tí yóò bá jẹ ata, ìdí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbóná. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀. Ìkòkò iná átọ́ọ̀mù ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní rìákítọ̀. N kò ní sọ ti bọ́ǹbù fún yín, nítorí ẹ ti gbọ́ ìyẹn tó. Ìtàn ohun tí ń ṣàn gba àárín iná náà kọjá ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà mẹ́ta tí ìṣàn náà kò lọ bí ó ti yẹ.

Gbogbo ẹni tí ó bá ti wọ mọ́tò akẹ́rù gun òkè rí yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò ń lọ, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Láìpẹ́ èéfín omi gbígbóná bẹ̀rẹ̀ sí í rú níwájú. Dírẹ́bà dúró, ó ní kí ọmọ ọkọ̀ lọ wá omi wá. Epo wà nínú táǹkì, ẹ́ńjìnnì kò ṣẹ̀. Omi tí ó yẹ kí ó gbé ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì ni ó ti gbẹ, tàbí kí ọ̀nà rẹ̀ ti dí. Bí dírẹ́bà náà bá ṣe agídí tí ó ń wa mọ́tò lọ bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò kú.

Nígbà kan tí mo sọ èyí nínú kíláàsì, ọmọ kan nawọ́ sókè, ó ní, “Tíṣà, bí omi bá ṣáà ti wà níbẹ̀, ṣé kò tó?” Ìbéèrè náà dára ju bí ọmọ náà ti mọ̀ lọ. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò tó. Omi tí ó dúró sójú kan yóò gba ooru títí yóò fi hó, kò sì ní lè gbà mọ́. Omi tí ń rìn nìkan ni ó lè máa gbé ooru lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ìtàn wa ti òní dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí a wo inú ìkòkò iná yìí ná. Igi tí wọ́n fi ń dá a ni irin kan tí ó wúwo púpọ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ yùréníọ̀mù. Wọn a máa fi ṣe ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, wọn a sì fi irin mìíràn bò ó lára, bí a ti ń fi ewé wé ẹ̀kọ. Wọn a di àwọn ọ̀pá náà ní ìdì-ìdì, wọn a sì to àwọn ìdì náà sínú ìkòkò ńlá onírin. Ṣùgbọ́n wọn kì í dì wọ́n mọ́ra pinpin. Àlàfo kékeré gbọ́dọ̀ wà láàárín ọ̀pá kan àti èkejì, inú àlàfo yìí sì ni ohun tí ń gbé ooru lọ ń gbà kọjá. Ní ibòmíràn omi lásán ni wọ́n ń lò, ní ibòmíràn afẹ́fẹ́ ni, ní ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, irin yíyọ́ ni. Kí ọ̀rọ̀ má bàa gùn, n ó máa pe gbogbo wọn ní omi agbóoru.

Iná igi, bí ẹ bá fa igi jáde lábẹ́ ìkòkò, ó parí. Iná átọ́ọ̀mù kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀pá kan wà tí wọ́n dà bí ìjánu ẹṣin fún un. Bí a bá tì wọ́n wọlé, iná náà yóò rẹlẹ̀. Síbẹ̀ yùréníọ̀mù tí ó ti jó yóò ṣì máa mú ooru jáde fún ọjọ́ pípẹ́. Nítorí náà omi agbóoru kò gbọdọ̀ dúró, ìbáà ṣe ìgbà tí iná ń jó tàbí ìgbà tí a ti pa á.

Iná irú èyí tí ènìyàn kọ́kọ́ dá ni ti ìlú Chicago, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1942. Enrico Fermi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ni olórí àwọn tí ó dá a. Wọn kò fi omi agbóoru kankan sí i, nítorí pé ní ọjọ́ náà, agbára rẹ̀ kò ju ìdajì wáàtì lọ. Kò tó tan gílóòbù kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1944, wọ́n dá ńlá kan ní Hanford, létí odò Columbia. Ẹ̀kún odò ni wọ́n ń fà wọ inú èyí. Ihò 2,004 ni wọ́n lu la ara rẹ̀ já, wọ́n fi páìpù sínú ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n to yùréníọ̀mù sínú àwọn páìpù náà, omi sì ń gba ẹ̀gbẹ́ yùréníọ̀mù náà kọjá. Nǹkan bí 75,000 gálọ́ọ̀nù omi ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe tí mo fẹ́ràn jù. Páìpù 2,004 ni ó wà níbẹ̀. Aago tí ń wọn agbára omi, 2,004 ni wọ́n so mọ́ ọn, ọ̀kan fún páìpù kọ̀ọ̀kan. Wọn kò sọ pé omi tó nínú odò, kí ló kù. Wọ́n bi páìpù kọ̀ọ̀kan léèrè pé: ìwọ ńkọ́, ṣé tìrẹ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ?

Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń mọ̀, kí iná tó dé inú ìkòkò, pé omi yóò gba ọ̀nà rẹ̀ kọjá dáadáa? Kí a tó lè dáhùn, ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn sí ọdún 1883, sí ìlú Manchester ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Osborne Reynolds. Ó mú ọ̀pá gíláàsì gígùn kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu kàkàkí, ó ń jẹ́ kí omi gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì ń jẹ́ kí aró díẹ̀ máa tò wọ àárín omi náà. Nígbà tí omi ń lọ jẹ́jẹ́, aró náà nà tọ́ọ́rọ́ bí òwú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ó mú kí omi sáré, òwú aró náà já lójijì, ó dàrú, ó sì pòpọ̀ mọ́ omi.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ lè fi ojú ara yín rí ohun tí ó jọ ọ́ lọ́la. Ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi díẹ̀: omi náà yóò jáde gbọọrọ, yóò mọ́lẹ̀ kedere bí gíláàsì. Ẹ wá ṣí i gbàyàù: yóò ta, yóò sì dàrú. Ẹ ti rí ohun tí Reynolds rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí tì í o, kí omi má bàa ṣòfò!

Reynolds kò dúró síbi wíwò. Ó ṣe ìṣirò. Ó mú ìyára omi, ó fi ìbú ihò sọ ọ́ di púpọ̀, ó sì fi bí omi náà ti ki tó pín in. Iye tí ó jáde ni ó ń sọ bóyá ìṣàn yóò tọ́ tàbí yóò dàrú. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Bí ọ̀nà méjì bá jọra ní àwòrán, tí iye yìí sì dọ́gba nínú méjèèjì, ìṣàn inú wọn yóò jọra, ìbáà jẹ́ pé ohun tí ń ṣàn nínú ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. A lè tipa bẹ́ẹ̀ fi ohun tí kò léwu dán ohun eléwu wò.

Èyí wúlò gidigidi nígbà tí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo sódíọ̀mù. Irin ni sódíọ̀mù, ṣùgbọ́n ó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a lè fi ọ̀bẹ gé e. Kí omi tó hó ni ó ti ń yọ́, ní ìwọ̀n 98, kì í sì í hó títí ooru yóò fi tó 883. Ó ń gbé ooru dáadáa. Wọ́n fẹ́ ẹ fún irú rìákítọ̀ kan tí wọ́n ń retí pé yóò máa pèsè igi ìdáná mìíràn ju èyí tí ó ń jó lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan omi, iná ni. Ojú kò sì lè ríran nínú rẹ̀, nítorí pé irin ni. Ta ni yóò wo ọ̀nà rẹ̀? Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé wọn a ṣe ìdì ọ̀pá tí ó jọ ti gidi ní gbogbo ọ̀nà, láìsí yùréníọ̀mù nínú rẹ̀. Wọn a gbé e sínú páìpù ńlá, wọn a sì fi pọ́ǹpù ti omi gbígbóná tí kò tíì hó gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí omi tí ó gbóná báyìí súnmọ́ sódíọ̀mù gan-an ní ti bí ó ti ki tó. Wọn a wọn agbára omi ní ìsàlẹ̀ àti ní òkè. Wọn a wò ó bóyá àwọn ọ̀pá ń gbọ̀n, bóyá wọ́n ń ha ara wọn, bóyá apá kan ń gba omi ju apá kejì lọ.

Ẹ lè rò pé lẹ́yìn gbogbo èyí, wàhálà ti tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn mẹ́ta fún yín.

Ti àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní aṣálẹ̀ Idaho. Rìákítọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní EBR-I. Òun ni ó tan gílóòbù mẹ́rin ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 1951, tí ó fi hàn pé iná átọ́ọ̀mù lè di iná ẹ̀lẹ́tíríìkì. Sódíọ̀mù tí wọ́n pò mọ́ pòtásíọ̀mù ni omi agbóoru rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1955, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá ìṣàn náà dúró, kí wọ́n lè mọ bí iná náà yóò ti ṣe. Ooru rẹ̀ ń yára lọ sókè. Nígbà tí ó tó àkókò láti pa á, ọ̀pá ìjánu tí ń rìn jẹ́jẹ́ ni òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ tì wọlé, dípò èyí tí ń já wọlé lójijì. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni àṣìṣe náà gbà, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì igi ìdáná inú rẹ̀ ti yọ́. Kò sí ẹni tí ó farapa. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé bí àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ náà ti ń gbóná ni wọ́n ń tẹ̀ sínú, tí wọ́n ń súnmọ́ ara wọn, èyí sì ń fẹ́ iná náà. Wọ́n ṣe òmíràn tí àwọn ọ̀pá rẹ̀ kò lè tẹ̀ bẹ́ẹ̀, wàhálà náà sì dópin. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn: ọ̀nà tí a wọ̀n nígbà tí ó tutù lè yí padà nígbà tí ó bá gbóná.

Ti èkejì ṣẹlẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1959, lórí òkè Santa Susana, kò jìnnà sí Los Angeles. Sódíọ̀mù ni omi agbóoru níbẹ̀ pẹ̀lú. Pọ́ǹpù tí ń tì í ní ohun olómi kan bí epo tí ń tu ìdè rẹ̀ lára. Epo yìí jò díẹ̀díẹ̀ wọ inú sódíọ̀mù, ooru sọ ọ́ di èérí dúdú, èérí náà sì lọ dí ojú ọ̀nà láàárín àwọn ọ̀pá. Àmì ń hàn: ibi kan ń gbóná ju ibi kejì lọ, agbára iná ń gòkè lójijì. Síbẹ̀ wọ́n ń pa á, wọ́n sì tún ń tàn án, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò níkẹyìn, nínú ìdì 43 tí ó wà níbẹ̀, 13 ni ó ti bàjẹ́. Ẹ rí i pé odindi sódíọ̀mù ń ṣàn nínú páìpù ńlá. Ẹni tí ó bá wo ìyẹn nìkan yóò sọ pé àlàáfíà ni.

Ìtàn kẹta ni ó dùn mí jù. Létí adágún Erie, nítòsí ìlú Monroe, nǹkan bí 30 máìlì sí ìlú Detroit, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ rìákítọ̀ sódíọ̀mù ńlá kan ní ọdún 1956, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ Enrico Fermi tí a ti dárúkọ. Detroit ni àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ṣe mọ́tò pọ̀ sí. Ẹgbẹ́ wọn, tí Walter Reuther jẹ́ olórí rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mìíràn, gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Wọ́n ní kò yẹ kí ìjọba gba ènìyàn láyè láti kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sítòsí ìlú ńlá, láìtíì fi hàn dájú pé kò ní ṣe ìpalára. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dá ẹjọ́ náà ní ọdún 1961. Adájọ́ méje ní kí ìkọ́lé máa lọ, nítorí pé a óò ṣì yẹ ààbò rẹ̀ wò kí a tó fún un ní àṣẹ iṣẹ́; méjì kò gbà. Iná rẹ̀ kọ́kọ́ ràn ní ọdún 1963.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1966, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé agbára rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Kò tíì dé ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí wọ́n fún un láṣẹ. Wọ́n rí i pé àwọn ọ̀pá ìjánu kò sí ní ibi tí ó yẹ kí wọ́n wà fún irú agbára bẹ́ẹ̀, àti pé sódíọ̀mù tí ń jáde lórí ìdì méjì kan gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ní ọ̀sán, aago ìkìlọ̀ dún pé ìtànṣán olóró ti wà nínú ilé tí rìákítọ̀ náà wà. Ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá lẹ́yìn náà, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pa iná náà. Ìdì méjì ti yọ́. Kò sí ẹni tí ó farapa.

Kí ni ó fà á? Ó lé ní oṣù mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ. Wọ́n ní láti fa sódíọ̀mù kúrò, kí wọ́n sì fi awò gígùn wo ìsàlẹ̀ ìkòkò náà, nínú òkùnkùn, níbi tí ọwọ́ kò lè dé. Ní ọdún 1967, wọ́n rí nǹkan kan nílẹ̀ tí ó ká kò, bí agolo tí mọ́tò gùn mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1968 wọ́n rí i yọ. Pẹlẹbẹ irin síkóníọ̀mù ni, ọ̀kan nínú mẹ́fà tí wọ́n fi bo ìsàlẹ̀ ìkòkò náà. Ìṣàn sódíọ̀mù ni ó mì ín títí tí ó fi já, tí ó gbé e sókè, tí ó sì fi í bo ẹnu ìdì igi ìdáná. Ẹnu kan ṣoṣo ni ìdì kọ̀ọ̀kan ní, ní ìdí rẹ̀ gan-an. Nígbà tí irin náà bo ẹnu yìí, kò sí ibòmíràn tí sódíọ̀mù lè gbà wọlé. Ẹ rántí òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀: ìdí ìkòkò ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì gbọ́ èyí tí ó wúwo jù. Kí ni àwọn pẹlẹbẹ irin náà ń ṣe níbẹ̀? Nígbà tí iṣẹ́ náà ti lọ jìnnà ni wọ́n fi wọ́n kún un, fún ààbò. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí igi ìdáná bá yọ́ lọ́jọ́ kan, kí ó má lọ kóra jọ sí ojú kan ní ìsàlẹ̀. Ohun tí wọ́n fi síbẹ̀ nítorí ọjọ́ tí iná lè yọ́ ni ó mú kí iná yọ́. Ọdẹ tí a gbà láti máa ṣọ́ ilé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ òun náà.

Wọ́n tún rìákítọ̀ náà tàn ní ọdún 1970, ṣùgbọ́n ní ọdún 1972 iṣẹ́ rẹ̀ parí pátápátá. Ìyà náà kò lọ lásán. Láti ìgbà náà, àwọn tí ń ṣe irú rìákítọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń lu ihò púpọ̀ yí ẹsẹ̀ ìdì kọ̀ọ̀kan ká, kí irin kan ṣoṣo má lè dí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nínú àwọn rìákítọ̀ tí ń lo omi lásán pẹ̀lú, tí wọ́n pọ̀ jù lọ láyé lónìí, wọ́n ń fi asẹ́ sí ẹsẹ̀ ìdì igi ìdáná láti mú pàǹtírí. Asẹ́ náà gan-an, wọn a gbé e sínú páìpù, wọn a ti omi gba inú rẹ̀ kọjá, wọn a sì wò ó bóyá òun náà kò ní dí ọ̀nà. Wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n láti bi ohun ààbò léèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, díẹ̀ nínú yín lè di ẹnjiníà lọ́la. Púpọ̀ yín lè má rí rìákítọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ni yóò ní ọ̀nà omi kan láti tọ́jú: gọ́tà ẹ̀yìn ilé, afárá àdúgbò, páìpù ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe wo odò kí ẹ sọ pé omi pọ̀. Ẹ lọ wo ẹnu ibi tí ó ti ń wọlé. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi nǹkan kan kún un ní ìkẹyìn, nítorí ààbò, ẹ dán ìyẹn wò gẹ́gẹ́ bí ẹ ti dán ti àkọ́kọ́ wò. Bí ọmọ kan bá sì tún bi yín pé, “Bí omi bá ṣáà ti wà níbẹ̀, ṣé kò tó?” ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó wí.